Orí Kẹrin: Ìyábọ̀ Kò Tíì Kú

Agbo, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń fún ìlú wa ní atẹ́gùn tútù, tún kọ̀ láti gba ẹ̀rọ tuntun náà. Ohun tó kọ sójú gíláàsì kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́: ORÚKỌ YÌÍ Ń BẸ LÁÀYÈ.

Mo fi etí aṣọ nu gíláàsì náà bí ẹni pé eruku ló ń ṣì mí lójú. Kò sí eruku kankan níbẹ̀. Mo kàn ń wá iṣẹ́ tí màá fún ọwọ́ mi ṣe ni.

"Tún un ṣe," Bàbá Ọláníhùn wí lẹ́yìn mi.

"Mo ti tún un ṣe títí, Bàbá."

"Fadérera, mo ní kí o tún un ṣe."

Mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ojú èdìdì, mo sì pe orúkọ ẹ̀rọ náà sí agbo létí: Ìyábọ̀. Ẹ̀rọ tuntun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga onítáyà rẹ̀. Ó ga dé àyà mi, ara rẹ̀ ń dán, omi tí a fi wọ́n ilẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀ láàárọ̀ kò sì tíì gbẹ tán lára táyà. Iná ara rẹ̀ tàn ní àwọ̀ ewé, ó ṣẹ́jú, ó padà di pupa. Agbo ní orúkọ náà ṣì ń bẹ láàyè.

Lókè gíláàsì ni aago oòrùn wà. Kì í ka wákàtí. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló ní, tó ń rìn láti ojú funfun lọ sí ojú pupa, bí ọ̀pá náà bá sì ti kan pupa, agbo á ka ara rẹ̀. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá pé, ọ̀sán á kọjá láìsí wàhálà. Bí wọn ò bá pé, agbo á ju àdúgbò kan sílẹ̀ kí atẹ́gùn tútù lè ká àwọn tó kù. Ó ti yan èyí tí yóò jù. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ gíláàsì láti òwúrọ̀, ní lẹ́tà kéékèèké bíi pé kò tó nǹkan: Àdúgbò Kàǹga.

Ìbíyẹmí àbúrò mi ń gbé ní Kàǹga. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọmọ náà kò tíì lè gbé orí dúró. Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ tọ̀ sára.

"Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò látilẹ̀," mo ní.

Mo wo aago inú ẹ̀rọ náà, nítorí agbo kì í gba ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ ni. Mo yọ wáyà rẹ̀, mo fẹ́ ẹnu sí i, mo dá a padà. Mo wo kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi dì í. Ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Mo bi agbo bóyá àyè ti tán lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní rárá, àyè ẹyọ kan ṣófo, òun ń retí ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀. Gbogbo ohun tó máa ń fa irú wàhálà yìí ni mo yẹ̀ wò, mi ò rí ọ̀kankan. Irú rẹ̀ gan-an ló máa ń já mi láyà jù nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tó bàjẹ́, a ó tún un ṣe. Èyí tí kò bàjẹ́ tí kò sì ṣiṣẹ́, kí la fẹ́ ṣe sí i?

"Àyè ń retí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń retí àyè, wọ́n sì kọ̀ láti pàdé," mo ní.

Mo retí kí Bàbá fi mí ṣẹ̀sín. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí, láti ọjọ́ tí mo sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé bí mo bá ń so wáyà, ó dà bí ẹni tó ń dirun fún ọmọ tó ń sunkún. Ẹnu wọn kì í sinmi. Àmọ́ láti ìgbà tí agbo ti kọ́kọ́ kọ Ìyábọ̀ ni wọ́n ti jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, tí wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún, wọn ò sì dá àpárá kankan. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ti dé.

Tẹlifóònù ara ògiri dún. Alàgbà Kúfórìjì ni, Olórí Ìbòòji, ẹni tó ń ṣàkóso gbogbo òrùlé ìlú yìí àti atẹ́gùn abẹ́ rẹ̀.

"Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Fadérera ni, sà."

"Mò ń wò ó lójú gíláàsì tèmi níbí pé agbo yín ò tíì pé."

"Orúkọ ló ń dà á láàmú, sà. Agbo ní Ìyábọ̀ àtijọ́ kò tíì kú."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ sun ún?"

"Àwa ni, sà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo ti sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ títí ó fi sú mi. Ní gbogbo ìlú tó kù, nọ́ńbà ni wọ́n ń fún ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á mú nọ́ńbà mìíràn, ó parí. Ti Òkè-Ìbòòji wa yìí nìkan ló yàtọ̀. Ẹ ní dandan, orúkọ èyí tó lọ ni èyí tó dé gbọ́dọ̀ jẹ́. Ṣé ẹ̀rọ ní ìdílé ni?"

"Ṣé kí a yí orúkọ tuntun yìí padà, sà?"

"Ó ti wọnú kọ́kọ́rọ́. Ilé Kọ́kọ́rọ́ tó ṣe é nìkan ló lè yọ ọ́, àwọn yẹn ò sì ní ṣílẹ̀kùn títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Gé orúkọ àtijọ́. Ṣebí òkú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Gé e kí ọ̀pá tó kan pupa. Ìwọ náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Aládìí."

Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ Aládìí níbí bí kò bá pọn dandan. Àdúgbò kan ni tẹ́lẹ̀. Agbo jù ú sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, ilẹ̀kùn irin rẹ̀ sì tì fúnra rẹ̀ kí ooru inú rẹ̀ má baà tàn dé ọ̀dọ̀ wa. A gbọ́ tí wọ́n ń lu ilẹ̀kùn náà láti inú. Ìyá mi yí rédíò sókè kí àwa ọmọ má baà gbọ́, àmọ́ a gbọ́, a sì gbọ́ ìgbà tí wọn ò lù ú mọ́.

Mo na ìka sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ GÉ. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo bi agbo ní ohun kan tí Alàgbà kò bèèrè. Mi ò mọ ìdí tí mo fi bi í. Bóyá ìka mi ló fẹ́ fi iṣẹ́ tí wọ́n rán an falẹ̀ díẹ̀. Mo ní: níbo ni Ìyábọ̀ ti ń dáhùn?

Agbo ya àwòrán ìlú sójú gíláàsì. Ó fi òrùlé hàn, ó fi ògiri hàn yíká. Lẹ́yìn náà ó fi àmì kan sí i, àmì náà kò sì sí nínú ògiri. Ìta ló wà, níhà ìwọ̀ oòrùn, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé kò sí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe iyanrìn. Ó ń ṣẹ́jú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹ̀rọ inú agbo máa ń sọ fún ara wọn tọ̀sán-tòru wà, kí olúkúlùkù lè mọ̀ pé ẹnìkejì ò tíì lọ: mo wà, mo wà, mo wà.

Èmi ni mo ti Ìyábọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń sun òkú ẹ̀rọ, mo ti í dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá ní kí n padà, pé àwọn á parí ìyókù. Mo rí èéfín. Ní báyìí tí mo rò ó, èéfín nìkan ni mo rí.

"Bàbá," mo ní láìyíjú padà, "kí lẹ sun lọ́jọ́ náà?"

"Àpótí pákó," wọ́n ní. "Àti bàtà mi àtijọ́ kan, kí ó lè rùn bó ṣe yẹ."

Mo yíjú sí wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jí i gbé."

"Kò tíì kú nígbà náà, Rera. Ara rẹ̀ ló sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lè tún un ṣe, ìgbìmọ̀ ní ká sun ún." Wọ́n fọwọ́ pa ojú. "Mò ń tún irin òrùlé ṣe níhà ìwọ̀ oòrùn nígbà kan, mo gbọ́ ohùn kan lódìkejì. Mo rò pé ẹyẹ ni, inú mi dùn, mo ní ẹyẹ ṣì kù láyé. Ọmọdé ló ń wúkọ́. Ihò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń wa òkúta láyé àtijọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n wà, àwọn ọmọ, àwọn ìyá wọn, àwọn arúgbó tó kù. Wọ́n ní ẹ̀rọ atẹ́gùn kan tí kò ní ohun tó ń darí rẹ̀. Ìyábọ̀ ló ń darí rẹ̀ báyìí."

"Àwọn ará òde."

"Ẹ̀dá bíi tiwa ni wọ́n."

Ìyà ẹni tó bá pa òkú ẹ̀rọ mọ́ kò fara sin: ọ̀sán gangan ni wọ́n ń lé e jáde, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ̀ tí kò sọ, wọ́n á jọ lọ ni. Mo ti wá di ẹni tó mọ̀, láàárín ìbéèrè kan sí ìdáhùn rẹ̀.

"Bí mo bá gé e ńkọ́?" mo bi wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n.

"Agbo á ránṣẹ́ sí i pé kó pa ara rẹ̀. Á sì pa ara rẹ̀. Bí àwọn tó ṣe é ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn, kí olè má baà gbádùn rẹ̀."

"Ẹ mọ̀ pé á máa dáhùn orúkọ, ẹ sì jẹ́ kí a fún èyí ní orúkọ kan náà?"

"Mi ò mọ̀." Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Mo kó gbogbo àpótí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kúrò, èyí tó ń ṣí omi, èyí tó ń ka èémí, gbogbo ẹ̀. Mo rò pé bí kò bá ti ní iṣẹ́ wa lọ́wọ́ mọ́, kò bá wa tan mọ́ nìyẹn. Mo gbàgbé ìwo irin tó wà lórí rẹ̀, tó fi ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fún un ní iná ló ti ń wá wa kiri. Ní ti orúkọ, kí ni ǹ bá wí níwájú gbogbo ènìyàn? Kí n ní ẹ má pè é ní Ìyábọ̀? Ọmọdé ìlú yìí gan-an mọ̀ pé Ìyábọ̀ ló ń jẹ́. Wọn ì bá bi mí ní ìdí."

Inú bí mi sí wọn. Inú mi ò tíì bí sí èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí pé àwọn ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ jáde, tẹlifóònù tún dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi." Ìbíyẹmí ni. Mo ń gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ohùn rẹ̀. "Ilẹ̀kùn àdúgbò wa ń dún o. Ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ láti ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá Àgbà ilé kejì ní bó ṣe dún ní Aládìí nìyẹn."

"Wọ́n ń fi òróró sí i ni," mo ní.

"Lọ́sàn-án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ pọ̀ láàárọ̀ ni."

"Ṣé kí n gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ yín?"

Mo wo ọ̀pá aago oòrùn. Ó ti kọjá ibi tí wọ́n ti máa ń ti ọ̀nà àárín àdúgbò sí àdúgbò. Bó bá jáde nílé, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí tòun tọmọ, pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ti ń kóra jọ síbẹ̀.

"Má wulẹ̀ wá. Fún un lọ́yàn kó sùn. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mò ń wò ó."

"Bí ẹ bá ti ń wò ó, ó tán," ó ní, ó sì gbé e sílẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ yẹn ló fẹ́ pa mí.

Mo padà sídìí gíláàsì. Ìka mi wà lókè GÉ, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Mo rí ọmọ Ìbíyẹmí lójú mi. Mo tún rí ọmọ kan tí mi ò mọ̀, tó ń wúkọ́ nínú ihò. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Àmì náà ń ṣẹ́jú, ó ń sọ pé òun wà, ọ̀pá sì ń rìn.

"Gé e," Bàbá wí. Omi ti bo ojú wọn. "Àbúrò rẹ ni. Mi ò ní dá ọ lẹ́bi."

"Ẹ jẹ́ kí n ronú."

"Kò sí àyè ìrònú."

"Bàbá, ẹ dákẹ́ ná."

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi ni ohun tí mò ń wá bọ́ sí mi lọ́kàn. Mi ò bá wọn sọ irú rẹ̀ rí, wọ́n sì dákẹ́ lóòótọ́.

"Agbo ò mọ ikú," mo ní. "Ìdákẹ́ nìkan ló mọ̀. Bí Ìyábọ̀ kò bá dáhùn fún ìgbà díẹ̀, agbo á gbà pé ó ti lọ, á sì tú orúkọ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò ní ránṣẹ́ kankan sí i. A ò ní gé nǹkan kan."

Bàbá gbé orí sókè. "Ìwo orí rẹ̀."

"Bí ẹnìkan bá yọ ìwo náà, kò ní lè pè wá mọ́. Atẹ́gùn wọn á ṣì máa ṣiṣẹ́."

Kò sí tẹlifóònù ní òde. Ẹnìkan ní láti lọ síbẹ̀ lọ yọ ọ́ ni, nínú ooru tó ti ń gòkè, àwa méjì la sì wà nínú yàrá. Ó yẹ kí n ní èmi ni kí n lọ. Èmi ni mo kéré, ẹsẹ̀ mi ló yá. Bàbá ti dìde, wọ́n ti ń fi omi rẹ aṣọ tí wọ́n fẹ́ wé mọ́rí, wọ́n ti ki sípánà bọ àpò. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò wọ́n, inú mi sì dùn pé kì í ṣe èmi. Bó ṣe rí nìyẹn.

"Ẹnu ọ̀nà àwọn onírin òrùlé ni màá gbà," wọ́n ní. "Kẹ̀kẹ́ mi wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹ máa padà dé kí wọ́n tó tì í?"

"Bí kẹ̀kẹ́ bá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ju bí ìwọ ṣe ń gbọ́ lọ." Àpárá tí mo ti ń retí láti òwúrọ̀ nìyẹn, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀. "Nígbà tó bá dákẹ́, tẹ èdìdì lójú ẹsẹ̀. Tí o bá jáfara, tí ọ̀pá bá kọjá, a ti ṣe é lásán."

Wọ́n lọ.

Mo fa àga mi sún mọ́ gíláàsì. Mo gbé àtàǹpàkò mi lé ojú èdìdì, mi ò gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Òógùn ń já bọ́ láti iwájú orí mi sínú ojú, bẹ́ẹ̀ ni yàrá agbo ló tutù jù ní gbogbo ìlú. Mo wà, àmì náà wí. Mo wà. Mo ń fi ojú inú wo arúgbó kan lórí kẹ̀kẹ́, aṣọ tútù lórí rẹ̀ tó ti ń gbẹ. Mo ń rò bóyá táyà lè yọ́. Mi ò tíì jáde kúrò lábẹ́ òrùlé rí, mi ò mọ ohun tí ooru yẹn ń ṣe sí táyà, mi ò sì mọ ohun tó ń ṣe sí èèyàn yàtọ̀ sí ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn Aládìí.

Tẹlifóònù dún. Mo fi ọwọ́ òsì gbé e.

"Kí ló dé tí o ò tíì gé e?" Alàgbà Kúfórìjì bèèrè.

"Mo wà lórí ẹ̀, sà."

"O wà lórí ẹ̀ báwo? Ọ̀rọ̀ ìka kan ṣoṣo ni."

"Agbo ń fà á, sà. Ẹ fún mi ní àyè díẹ̀."

"Níbo ni Ọláníhùn wà?"

"Wọ́n lọ wo wáyà lẹ́yìn."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń fi nǹkan kan lu tábìlì. "Gbọ́, Fadérera. Ohun tó wà níwájú rẹ wà níwájú èmi náà. Bí ọ̀pá bá fẹ́ kan pupa tí orúkọ yẹn ṣì wà níbẹ̀, èmi fúnra mi máa gé e láti ibí. Mi ò ní jẹ́ kí Kàǹga lọ nítorí ìwà jẹ́jẹ́."

"Ó yé mi, sà."

Ó yé mi dáadáa. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kàǹga ni wọ́n fẹ́ gbà là, Kàǹga kan náà tí èmi náà fẹ́ gbà là, bí mo bá sì wà nípò wọn, ǹ bá ti gé e tipẹ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rù wọn bà mí.

Ọ̀pá ń rìn. Àyè funfun tó kù níwájú rẹ̀ kò tó èékánná mi. Mo wà, Ìyábọ̀ wí láti òde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn, ohùn mi kò kọjá ètè mi. Dákẹ́, mo ní. Jọ̀ọ́, dákẹ́. A ti gbọ́ pé o wà.

Àmì náà ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà kò ṣẹ́jú mọ́.

Agbo pe orúkọ rẹ̀. Mo rí ìpè náà bó ṣe jáde lójú gíláàsì: Ìyábọ̀? Kò sí ìdáhùn. Ó dúró, ó tún pè é. Mi ò mọ̀ pé agbo lè pe ẹ̀rọ báyẹn, tí a ó fi gbọ́ ọ bí ìpè ìyá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń pe ọmọ rẹ̀ wálé. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀pá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko pupa, tẹlifóònù sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo sì mọ ẹni tó ń pè.

ORÚKỌ YÌÍ TI ṢÓFO.

Mo tẹ èdìdì. Mo pe Ìyábọ̀, agbo sì gbọ́. Iná ara ẹ̀rọ tuntun náà di àwọ̀ ewé, ó ṣẹ́jú, kò sì padà di pupa. Àwọn àpótí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń ṣí omi, èyí tó ń tì í, èyí tó ń ka èémí àwọn tó ń sùn ní Kàǹga. Ọ̀pá kan pupa. Agbo ka ara rẹ̀, ó pé. Orúkọ tó wà ní lẹ́tà kéékèèké nísàlẹ̀ gíláàsì parẹ́.

Mo gbé tẹlifóònù.

"O rí i pé kò le," Alàgbà wí, ohùn wọn sì rọ̀ ju bí mo ṣe retí lọ. "Gígé náà ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀. Lọ sinmi."

Mo ní mo dúpẹ́. Kò pẹ́ tí Ìbíyẹmí náà pè. Ó ní ilẹ̀kùn ti dákẹ́, ó ní òróró náà ti wọ̀ ọ́, ọmọ ti sùn, atẹ́gùn tilẹ̀ fẹ́ tutù jù fún un. Mo ní kó fi aṣọ bò ó. Lẹ́yìn tó gbé e sílẹ̀, mo gbórí lé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tuntun náà, mo sunkún títí imú mi fi dí. Ìgbà tí mo nu ojú tán ni mo tó rí i pé àpótí irinṣẹ́ Bàbá ṣì wà ní ṣíṣí, tí kò sí ẹni tó jókòó tì í.

Tẹlifóònù dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Sájẹ́ǹtì Àrẹ̀mú ni, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn onírin òrùlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Rera. Ẹ má bínú. Bàbá yín gba ọ̀dọ̀ wa jáde lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo irin kan. Wọn ò tíì wọlé, ó sì ti tó kí n ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ atutù tí ooru kì í wọ̀ wà nílẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé kó lọ, á lọ báyìí. Ipa táyà kẹ̀kẹ́ wọn ṣì hàn nínú iyanrìn, kò ní pẹ́ rí wọn."

Mo di tẹlifóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀lé ipa táyà náà, yóò rí Bàbá. Bóyá lójú ọ̀nà, bóyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ wọn, bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú wọn. Bí wọn ò bá sí lójú ọ̀nà, ipa náà á mú un dé ẹnu ihò náà, yóò rí Ìyábọ̀, yóò rí àwọn ọmọ yẹn, yóò sì padà wá sọ ohun tó rí. Bóyá Bàbá wà nínú ihò náà nínú atẹ́gùn tútù, tí wọ́n ń fi àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo gíláàsì bí ẹni tí yóò rí ìdáhùn níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ fún mi láti ibẹ̀ ni ìwo irin yẹn, Bàbá sì ti yọ ọ́.

"Àǹtí? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́."

"Ṣé kí ọkọ̀ lọ?"

Gbogbo ara mi ló ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu mi ti ń ṣí láti sọ ọ́.

"Bàbá wà lọ́dọ̀ mi níbí," mo ní. "Ọ̀nà ilé omi ni wọ́n gbà wọlé."

"Háà, wọn ò sì sọ fún wa. Èmi ti ń páyà. Kí n ti ilẹ̀kùn nígbà náà?"

"Ẹ tì í."

Mo gbọ́ bí irin náà ṣe ń wọ́ lọ nínú tẹlifóònù, tó wọ́ títí, tó sì kan òdìkejì.

"Ẹ bá mi kí wọn, Àǹtí."

"Wọ́n ní àwọn náà kí yín," mo ní, mo sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀.